Ta Ni Yóò Kun Sàréè Mìs Clotilde?

Ìfẹ́ mìíràn wà tí ẹ̀rín ló bí i. Ti Orelia Narcisse kọ́. Ìbínú ló bí tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì sọ fún yín pé òun ti mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé yóò di ìfẹ́, ẹ bá mi bi í pé ibo ló jókòó sí.

Oṣù Kejì ọdún ni, ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ ní Sent Odile. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike fẹ́ kọ́ fakitiri sí etí odò Misisípì. Yóò jẹ́ ìkarùn-ún lápá ibi tí àwa ènìyàn dúdú ń gbé. Ìgbìmọ̀ ní kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn, ìṣẹ́jú méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Orelia, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ibi iṣẹ́ wá tààrà pẹ̀lú àpò kan lọ́wọ́. Ike oògùn ikọ́ fée mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú àpò náà, èyí tí àwọn ọmọ máa ń fà sẹ́nu bí èémí bá há wọn, orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wà lára tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi múra. Ó fẹ́ tò wọ́n sórí tábìlì níwájú ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó pe orúkọ wọn, kó sì lọ jókòó.

Wọn ò pè é. Àwọn tó ń jà nítorí ojú-ọjọ́ ti wọ bọ́ọ̀sì méjì wá láti àríwá. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni wọ́n dé, nígbà tí ará ìlú ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ogójì wọn sì ti kọ orúkọ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni ní Sent Odile tó bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ yìnyín tó ń yọ́ ní ìpẹ̀kun ayé. Wọ́n sọ̀rọ̀ ẹyẹ. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ tí wọn ò tíì bí. Nígbà tí àsìkò tó, alága ní ó tó gẹ́ẹ́, kí àwọn tó kù lọ kọ lẹ́tà. Nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Orelia.

Níta, òyìnbó gíga kan tó dé fìlà onírun ń pín kọfí. Ó gbé ife kan lé Orelia lọ́wọ́, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní, "A gbìyànjú lónìí, àbí?"

"Nọ́ńbà mélòó ni wọ́n pè ọ́?"

"Mẹ́sàn-án."

"Kí lo sọ?"

Ó ní òun sọ bí ayé ṣe ń gbóná sí i lọ́dọọdún. Orelia ṣí àpò rẹ̀ kó lè rí inú rẹ̀.

"Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú àpò yìí," ó ní. "Àwọn náà fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ lo àsìkò wọn tán."

Ó gbé kọfí náà padà fún un, ó sì lọ. Gbogbo ọ̀nà ilé ló fi ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá nọ́ọ̀sì, fìlà lọ́wọ́. Anders Haugen lorúkọ rẹ̀, ọmọ Minisota, iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà sì ni yíya àwòrán ilẹ̀, láti fi han ibi tí omi yóò bò àti ibi tí igbó yóò ti tán. Ó ní òun ò wá bẹ̀bẹ̀ nìkan, òun wá béèrè ohun tó yẹ káwọn ṣe.

Orelia wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ yéé gba ẹnu wa sọ̀rọ̀," ó ní. "Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ máa gbé àwọn ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ẹ bá lè ka ìwé gbọọrọ tí ilé-iṣẹ́ yẹn kọ, ẹ kà á, kẹ́ ẹ túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Bí wọ́n bá sì gbé maikirofóònù fún yín, ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn ná."

Ọkùnrin náà mú bébà, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Orelia lẹ́rìn-ín, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun lẹ́rìn-ín.

Bọ́ọ̀sì àwọn ará àríwá lọ. Anders ò bá wọn lọ. Ó gba yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó sì ń fi ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó gbé àwọn ìyá àgbà kiri. Nígbà tó di àsìkò edé odò, wọ́n pè é síbi tí wọ́n ti ń sè é, ó fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹ edé, àwọn ìyá náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Orelia ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ya á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó sórí òkìtì koríko gíga tí wọ́n fi dá odò dúró. Èéfín ń jáde lápá ìsàlẹ̀ odò. Anders ní èéfín kì í wo àwọ̀ èèyàn, pé gbogbo wa la jọ ń fà á símú.

"Lóòótọ́, kì í wò ó," Orelia dáhùn. "Àmọ́ ẹni tó gbé e síbí wò ó dáadáa. Lọ sókè odò níbi táwọn òyìnbó ń gbé, kó o wá fakitiri kan ṣoṣo níbẹ̀ fún mi."

Anders ń já koríko. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ti ya odò yìí tó ìgbà ogún. Mi ò fi àwọn tó ń gbé etí rẹ̀ sí i rí."

"Fi wọ́n sí i nígbà náà."

Ó lo oṣù kan lórí rẹ̀. Nígbà tó gbé e dé, ilé àwọn ènìyàn dúdú wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, fakitiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì wà láàárín wọn, kò sí ìkankan níbòmíràn. Ohun tí Orelia ti mọ̀ láti kékeré ló rí lórí bébà, síbẹ̀ ó sunkún. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ fi ẹnu ko Anders lẹ́nu. Ó ní láti naró lórí ìka ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń bẹ. Mìs Clotilde, opó, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, obìnrin kúkúrú tí kì í gbé ohùn sókè. Kò bú Anders rí. Yóò gbé omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún un lọ́dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, yóò bi í nípa ìyá rẹ̀ ní Minisota, ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì yóò sì wà ní títì lẹ́yìn rẹ̀ gbáà. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, Anders ò kọjá ìjókòó ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí gbogbo ilé ń se ẹ̀wà pupa, ìta ni wọ́n ń gbé tirẹ̀ wá bá a. Lọ́jọ́ tí Anders ń ṣàlàyé fún un pé ayé ń gbóná, Mìs Clotilde mi orí.

"Látìgbà tí wọ́n ti já wa sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi layé ti ń gbóná fún wa," ó ní. "Ṣé ẹ̀yin náà ti wá ń làágùn báyìí ni?"

Anders rẹ́rìn-ín. Mìs Clotilde ò rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Keje ọdún kejì, Anders ní òun fẹ́ fẹ́ Orelia. Orelia gbà kó tó sọ ọ́ tán, ojora sì mú un lójú ẹsẹ̀. Ní Sent Odile, bí ọ̀rọ̀ bá le báyìí, nánán èèyàn ni wọ́n máa ń rán, ìyẹn obìnrin tó gbé e mọ́ra lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nánán Eulalie ni ti Orelia, oníṣẹ́ irun tó mọ àṣírí gbogbo ìlú, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ Mìs Clotilde láti ilé-ìwé. Ó wọ aṣọ tó ń wọ̀ lọ síbi Máàsì, ó gbé àwo súìtì ẹ̀pà pikánì, ó sì lọ.

Orelia wà ní kíṣìnnì, ó ń fọ ìkòkò kan náà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Clotilde, ọmọ wa rí ọkọ," Nánán bẹ̀rẹ̀.

"Àlejò ló rí."

"Ọkùnrin náà dára, ìwọ náà mọ̀."

"Mi ò ní kò dára. Gbogbo wọn ló dára. Wọ́n á wá, wọ́n á ya fọ́tò wa, wọ́n á sunkún, wọ́n á lọ." Mìs Clotilde ti àwo súìtì sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Jẹjẹrẹ pa Alcide ọkọ mi. Wilton ọmọ mi wà ní Houston, ọdún mẹ́fà rèé tí kò wá sílé ní Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́. Bí èyí bá tún gbé Orelia lọ, Eulalie, ta ni yóò kun sàréè mi?"

Nánán mọ ohun tí ìbéèrè yẹn jẹ́. Ní Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá, gbogbo ẹbí ló máa ń po ẹfun, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kun sàréè òkú wọn títí yóò fi funfun gbòò. Sàréè tí kò bá funfun lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ìlú ti mọ̀ pé ẹni ibẹ̀ ò lẹ́nì kan mọ́ láyé. Àwo súìtì náà padà sílé Nánán bó ṣe wà.

Láti ọjọ́ yẹn, ìjókòó ò gba Orelia, ìdúró ò gbà á. Ó bi Anders bóyá yóò máa gbé Sent Odile títí ayé. Anders ní bẹ́ẹ̀ ni. Kíá ló sì dáhùn, Orelia ò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ló sọ̀rọ̀ ni tàbí àìmọ̀kan. Ohun kan sì wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tí kò sọ fún un. Láàárín oko ìrèké lẹ́yìn ìlú, igi manolia méje wà tí katakata máa ń yà fún. Abẹ́ wọn ni wọ́n sin àwọn baba ńlá wọn sí láyé ẹrú. Wọn ò gbà kí ẹrú gbé òkúta sórí sàréè, igi ni wọ́n fi ṣàmì. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń kun sàréè, kí wọ́n tó lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹbí Narcisse á kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n á kun ìdí igi náà, Mìs Clotilde á sì ka orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ látorí. Èèwọ̀ ni kí àlejò gbọ́ ọ. Orelia pa á mọ́, ó sì ń rò ó pé, ìyàwó wo ló ń fi ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà pamọ́ fún ọkọ rẹ̀?

Ní oṣù Kẹsàn-án, Anders sáré wá sí yàrá nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní ẹgbẹ́ òun ti bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn. Páìpù gáàsì tí wọ́n fẹ́ gbé gba inú irà lọ sí fakitiri tuntun náà ò ní gba ibẹ̀ mọ́, àwọn igi ńlá inú irà tó ń fa èéfín ayé mọ́ra ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Inú oko ìrèké ni páìpù yóò gbà, níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni. Òun gan-an ló ya ọ̀nà tuntun náà. Ó tẹ́ àwòrán sórí bẹ́ẹ̀dì tí àwọn ọmọ ń sùn sí tára wọn ò bá yá.

Orelia fi ìka tọ ìlà pupa náà. Ó gba inú oko, ó gba ẹ̀gbẹ́ kòtò omi, ó sì gba orí igbó kékeré kan tí Anders fi àwọ̀ ewé kùn. Àlejò lójú, kò fi ríran.

"Igi mélòó ló wà níbí?" ó bi í.

"Mi ò kà á. Igbó lásán ni."

"Méje ni." Orelia jókòó. "Abẹ́ wọn ni wọ́n sin àwọn baba ńlá mi sí. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, Anders."

Ojú ọkùnrin náà ṣú. Ó wo bébà, ó wo Orelia. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Kí ló dé tí o ò béèrè?"

Anders ká àwòrán rẹ̀. Orelia ní kó máa lọ, kó má wá sílé, kó má fóònù. Nígbà tí ọmọ kan wọlé pé orí ń fọ́ òun, ó rí i pé nọ́ọ̀sì ń sunkún, ó sì rọra padà lọ sí kíláàsì.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbé e pamọ́ fún ìyá rẹ̀. Kò sùn dáadáa, kò jẹun dáadáa. Á bú Anders, á bú ara rẹ̀, á tún máa wá àwáwí fún un, á tún bú u. Ní ọjọ́ karùn-ún, Nánán gbọ́ ọ lẹ́nu oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì di ọ̀rọ̀ ilé.

Mìs Clotilde ò pariwo. Ó ní, "A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Wọ́n fá tiwa tán, wọ́n tún wá ń yọ̀ fún wa."

"Màmá, ẹ lọ bá ìgbìmọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ jókòó lé e. Ẹ sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún wọn."

Mìs Clotilde ní ìdákẹ́ ló gba àwọn. Nígbà tóun wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹnì kan lọ sọ fún onílẹ̀ kan lábúlé kejì pé òkú wà nínú oko rẹ̀. Kí oòrùn tó yọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi katakata tú ibẹ̀, wọ́n sì gbin ìrèké lé e.

"Ìdákẹ́ yẹn náà ló jẹ́ kó fa ìlà gba orí wọn," Orelia ní. "Èmi náà dákẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì dákẹ́."

Ìyá rẹ̀ fa àga, ó jókòó. "Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fúnni. Orúkọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni ìyá mi àgbà kọ́ mi, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èwo ni kí n fò?"

Nánán Eulalie wà lórí àga nígbà tí wọ́n ń sọ gbogbo èyí. Kò dá sí i. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun fi iná sílẹ̀ lórí ààrò nílé. Kò sí iná kankan lórí ààrò. Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ, ó kan ilẹ̀kùn Anders, ó sì sọ ìbéèrè Mìs Clotilde nípa orúkọ àti ìṣẹ́jú méjì fún un bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun ò wá ṣe alárinà ìgbéyàwó o, ẹni tó bá ní etí ni kó fi gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, Orelia ò gbóhùn Anders. Ó ní kó má fóònù, kò sì fóònù. Ìyẹn náà tún ń bí i nínú.

Mìs Clotilde gbà níkẹyìn láti lọ sọ èyí tí àsìkò bá gbà. Lọ́jọ́ ìpàdé, Orelia gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì sáré dé gbọ̀ngàn ní agogo mẹ́rin kó lè kọ orúkọ ìyá rẹ̀ síwájú. Bọ́ọ̀sì àwọn ará àríwá ti wà níta. Ó wo ìwé orúkọ. Ogójì orúkọ ti wà lórí rẹ̀. Ti Anders Haugen ló wà lókè pátápátá. Ó kọ Clotilde Narcisse sí nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, ìbínú tó mú un lọ́dún tó kọjá sì tún padà dé. Wọ́n tún ti ṣe é. Ó ti tún ṣe é.

Ìgbà tí ará ìlú fi tibi iṣẹ́ dé, gbọ̀ngàn ti kún. Mìs Clotilde jókòó nínú aṣọ dúdú, báàgì lórí itan. Alága pe nọ́ńbà kìn-ín-ní. Anders dìde. Ó ti rù.

"Èmi ni mo ya ọ̀nà páìpù tó gba oko ìrèké," ó ní. "Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe mi ni, ẹgbẹ́ wa sì ti yọwọ́ nínú àdéhùn náà. Àsìkò mi tó kù, mo fún Mìs Clotilde Narcisse."

Ó jókòó. Alága pe nọ́ńbà kejì. Ọmọbìnrin onígíláàsì kan dìde, ó ní, "Mo fún Mìs Clotilde Narcisse ní ìṣẹ́jú méjì mi," ó jókòó. Nọ́ńbà kẹta dìde. Nígbà tó di nọ́ńbà keje, alága ní kí ni wọ́n ń ṣe yìí. Anders ní inú òfin ìgbìmọ̀ fúnra wọn ló wà, ojú ewé kẹrin, pé ẹni tó bá kọ orúkọ lè fi àsìkò rẹ̀ tọrẹ. Alága ṣí ìwé, ó kà á, ó sì pa á dé. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi pé ogójì, kò sì sí èyí tó dárúkọ yìnyín nínú wọn.

Orelia ò mọ ìgbà tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ rọra yọ ọwọ́ náà, ó dìde, ó sì lọ dúró níwájú maikirofóònù tó ga jù ú lọ. Ẹnì kan rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún un.

"Azor," ó bẹ̀rẹ̀. "Wọ́n rà á ní Virginia, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tún àgbá ṣe, ó fi ọmọ méjì sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Mélite. Ọdún mọ́kànlá ló lò láyé, inú ilé tí wọ́n ti ń se ìrèké ló kú sí. Hyacinthe, tó sá lọ sínú irà lẹ́ẹ̀mejì..."

Ó ka gbogbo wọn. Kò fo ẹnì kan. Àwọn àgbà ìlú tí wọ́n ti ń dákẹ́ láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí ìjókòó bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ tó jẹ́ tiwọn, nígbà tó sì fi dé orí ìkọkàndínlọ́gọ́rùn-ún, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ènìyàn dúdú inú gbọ̀ngàn wà lórí ìdúró. Ìgbìmọ̀ dìbò. Páìpù ò gbọdọ̀ gba oko náà, kíkọ́ fakitiri náà sì gbọdọ̀ dúró títí àwọn tó ń wá òkú àtijọ́ yóò fi yẹ gbogbo ilẹ̀ wò. Kì í ṣe òpin ìjà, gbogbo wọn mọ̀. Irà tún ti padà sínú ewu, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Anders sì fajú ro nítorí rẹ̀. Mìs Clotilde rí wọn níta.

"Ẹ̀yin rò pé ẹyẹ nìkan ló ni irà yẹn?" ó bi wọ́n. "Ibẹ̀ làwọn èèyàn mi ń sá pamọ́ sí. Bí wọ́n bá fẹ́ débẹ̀, ẹ wá pè mí."

Orelia bá Anders lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

"Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní ṣàṣìṣe mọ́," Anders ní.

"Mi ò ní kó o ṣe é. Máa béèrè. Èmi náà á máa sọ."

Ó fi orí lé e láyà. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ti kọjá lọ sínú ọkọ̀ Nánán láì sọ nǹkan kan fún Anders, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

Alẹ́ ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹwàá ni Nánán tó jíṣẹ́ Mìs Clotilde fún Anders. Kó dé lọ́jọ́ kìn-ín-ní, agogo mẹ́fà àárọ̀. Kó wọ aṣọ tó ti gbó. Kó má gbé òdòdó wá, kó má sì gbé ẹ̀rọ fọ́tò wá.

Ìrì ṣì wà lára ìrèké nígbà tí wọ́n dé ìdí igi manolia. Anders dúró lẹ́yìn òde, kò mọ ibi tó lè tẹ̀. Mìs Clotilde po ẹfun, ó pín búrọ́ọ̀ṣì fún Orelia, ó pín fún Nánán, ó sì wo Anders.

"Ṣé ọlọ́dẹ ni ọ́ ni, tó o dúró síbẹ̀?" Ó na búrọ́ọ̀ṣì kẹta sí i. "Béèrè ibi tó o máa gbẹ́sẹ̀ sí."

Ó béèrè. Orelia fi ibẹ̀ hàn án. Wọ́n kun ìdí igi méjèèje, Mìs Clotilde sì ń ka orúkọ, Anders sì gbọ́ ọ.

Láti ibẹ̀, wọ́n lọ sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kun ti Alcide. Nígbà tí wọ́n parí, Mìs Clotilde fi ẹsẹ̀ tẹ koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí kò tíì sí nǹkan kan. Anders ló ń bá sọ̀rọ̀, kò wo Orelia.

"Ibí ni tèmi. Ẹfun máa ń tètè ṣí nísàlẹ̀ níbi tí omi ti ń kàn án. Ẹ̀ẹ̀mejì lo máa kun ibẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mejì, mà," Anders ní.

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ Orelia. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú un, ó sì pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Nánán gba kíṣìnnì lọ, Orelia tẹ̀ lé e. Anders, bó ṣe mọ́ ọn lára, lọ jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọwọ́ ẹlẹ́fun rẹ̀ lé orúnkún. Mìs Clotilde dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó fi ìdí ti ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn kó wà ní ṣíṣí, ó gbé àwo méjì dání. Ó dúró, ó dúró, Anders ò sì dìde.

"Kí lò ń retí?" ó ní. "Wọlé, eṣinṣin ń wọlé."